Ọwọ́ Lẹ́yìn Gàárì

Ní ọdún wọ̀nyẹn tí òmìnira kò tíì dé, bí o bá rí ẹnikẹ́ni tó ń gun kẹ̀kẹ́ kọjá ní Ìkàrẹ́, mọ̀ pé Babárìndé ti parọ́ fún onítọ̀hún rí. A kò bú u. Ọ̀nà iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn.

Babárìndé ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe lábẹ́ àtíbàbà kan lẹ́bàá ọ̀nà tó lọ sí Ọ̀kà. Lówùúrọ̀, á lẹ tíúbù tó jò, á na irin tó tẹ̀, á da epo sí ṣéènì tó ń han. Bí oòrùn bá ti rọlẹ̀, á máa kọ́ àwọn tó fẹ́ mọ kẹ̀kẹ́ gùn. Ọ̀nà tó ń gbà kọ́ wọn kò lọ́jú pọ̀. Á ní kí akẹ́kọ̀ọ́ gòkè jókòó, á di gàárì mú lẹ́yìn, á máa sáré tẹ̀ lé e, á máa pariwo pé, "Mo dì í mú o! Máa wà á lọ! Mo dì í mú!" Nígbà tí ariwo yẹn bá fi máa dùn jù, ọwọ́ rẹ̀ ti kúrò níbẹ̀ tipẹ́, ó ti dúró síwájú àtíbàbà, ó ti fọwọ́ lé ìbàdí. Akẹ́kọ̀ọ́ á máa lọ geerege, á rò pé ẹnì kan wà lẹ́yìn òun. Ìgbà tó bá bojú wẹ̀yìn tí kò rí ẹnikẹ́ni ni yóò tó wọ igbó lọ. Akọ̀wé kóòtù wọ igbó bẹ́ẹ̀, tíṣà wọ igbó bẹ́ẹ̀, ọ̀gá kọ́yà ṣọ́ọ̀ṣì náà wọ igbó, ó sì tún kọrin níbẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, olúkúlùkù wọn á gun kẹ̀kẹ́, wọn á máa fi Babárìndé rẹ́rìn-ín, òun náà á sì máa bá wọn rẹ́rìn-ín.

Ohun tí ẹnikẹ́ni kò kà sí ni eré sísá yẹn. Ọkùnrin tó bá ń sáré tẹ̀ lé kẹ̀kẹ́ nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́, eré ni ó ń ṣe. Ọkùnrin tí irun rẹ̀ ti ń funfun tó sì ń sáré tẹ̀ lé kẹ̀kẹ́, iṣẹ́ ni ó ń ṣe, iṣẹ́ náà sì ń gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀. Orúnkún Babárìndé ti ń dún. Bó bá ti sáré tán, á fara ti òpó àtíbàbà, á máa ṣe bí ẹni tó ń wo ojú ọ̀nà, kí ènìyàn má baà mọ̀ pé èémí ló ń wá.

Ùgbè ni wọ́n ti bí i. Bàbá rẹ̀ jẹ́ àgbẹ̀ paraku, ẹni tó jẹ́ pé nínú ilé rẹ̀, kí ọmọ sọ pé "ó rẹ̀ mí" kò yàtọ̀ sí kí ó jalè. "Oòrùn ṣì wà lókè, kí ló rẹ̀ ọ́?" Bí oòrùn bá sì wọ̀, á ní, "Ilẹ̀ ti ṣú, o ti fẹ́ lọ sùn, kí ló tún rẹ̀ ọ́?" Babárìndé dàgbà láìmọ ìgbà tí àárẹ̀ máa ń tọ́ sí ènìyàn. Nígbà tó yá, bàbá rẹ̀ mú un lọ sí Ọ̀wọ̀ láti kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá kan. Bàbá ní, "Ọmọ yín nìyí." Ọ̀gá ní, "Ọmọ wa ni." Gbogbo àdéhùn tí wọ́n ṣe kò ju ìyẹn lọ. Ta ni yóò tún máa béèrè ìgbà tí iṣẹ́ máa parí lọ́wọ́ ẹni tó ti sọ pé ọmọ wa ni? Ìgbéraga gbáà ni. Babárìndé kọ́ kẹ̀kẹ́, ó roko ọ̀gá, ó pọn ọmọ ọ̀gá, ó ru omi ìyàwó ọ̀gá, ọdún ń gorí ọdún, ọ̀gá kò sọ pé ó tó. Ikú ló sọ ọ́. Lẹ́yìn ìsìnkú, Babárìndé di ẹrù rẹ̀, ó wá sí Ìkàrẹ́, kò sì sí ẹni tó gbàdúrà ìdáǹdè tí ọ̀gá ń gbà fún ọmọ iṣẹ́ tó kọ́ṣẹ́ tán fún un títí dòní.

O ò bá rò pé ó ti kọ́gbọ́n. Kò kọ́ ọ. Gbogbo ẹni tó bá wá kọ́ kẹ̀kẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀, "Ọmọ mi ni ọ́" ni òun náà máa ń sọ, wọn a sì di ọmọ rẹ̀ lóòótọ́. Wọn á wá fẹ́ atẹ́gùn sí táyà láàárọ̀, ọ̀fẹ́. Wọn á wá pè é kó bá wọn lọ bẹ ìyàwó tó kó lọ sílé bàbá rẹ̀. Ẹnì kan ní Àfìn ránṣẹ́ sí i pé kí ó wá bá òun tún kẹ̀kẹ́ tí òun fi kọlu ọ̀pẹ ṣe. Ó lọ. Ẹsẹ̀ ló fi rìn dé ibẹ̀, nítorí kẹ̀kẹ́ tirẹ̀ wà lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀ mìíràn tó yá a. Mọ́júbọ́lá ìyàwó rẹ̀ máa ń wò ó bí ẹni wo iṣu tí wọ́n ń bu jẹ láti ẹ̀gbẹ́ gbogbo.

Ìgbà tí ọ̀rọ̀ rí bẹ́ẹ̀ ni Bridget dé.

Agbẹ̀bí ni Bridget, ọmọ Ọ̀kà, káńsù sì fi í sí ilé ìgbẹ̀bí tó wà nílùú rẹ̀ gan-an. Káńsù fún un ní kẹ̀kẹ́ obìnrin, tuntun, dúdú, tó ń dán, kó lè máa dé ọ̀dọ̀ àwọn aboyún tó wà ní abúlé oko. Ṣùgbọ́n wọ́n fi ọ̀rọ̀ kan kún un: bí kò bá mọ ọ́n gùn kí òjò tó wọlé, wọn yóò gbé e lọ sí Òkè-Àgbè, wọn yóò sì fi ẹlòmíràn tó mọ kẹ̀kẹ́ gùn rọ́pò rẹ̀. Bí ìyẹn bá ṣẹlẹ̀, ta ni yóò jókòó ti Àwẹ̀ró ìyá rẹ̀? Ojú Àwẹ̀ró ti fọ́, Bridget nìkan ló sì bí. Nítorí náà ló ṣe fọwọ́ ti kẹ̀kẹ́ náà láti Ọ̀kà wá sí Ìkàrẹ́, nínú oòrùn, tí àwọn èrò inú lọ́rì ń kọjá lára rẹ̀ tí wọ́n ń pariwo pé, "Nọ́ọ̀sì, òun ló yẹ kó gbé ẹ o!"

Babárìndé gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀ tán, ó fèsì gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. "Kò sí wàhálà. Ọmọ mi ni ọ́. Ọ̀la ni ká bẹ̀rẹ̀."

Bridget kò dìde. "Ẹ ṣeun, Bàbá. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ jọ sọ bí a ó ṣe ṣe é."

"Bí a ó ṣe ṣe kí ni?"

"Ohun tí ẹ ó ṣe fún mi, ohun tí èmi ó ṣe fún yín, àti ibi tí yóò parí sí."

Babárìndé gbé sípánà ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún. Bí wọ́n ṣe tọ́ ọ dàgbà, àwọn tí kò finú tán ara wọn ló ń jókòó ṣe àdéhùn: àwọn tó ń jà sí ààlà oko, tàbí ẹni tó fẹ́ ra ewúrẹ́ lọ́wọ́ àjèjì. Òun ti pe ọmọ yìí lọ́mọ, ó tún ń béèrè àdéhùn. Ó ní, "Ṣé mo jọ ẹni tó máa gbé kẹ̀kẹ́ rẹ sá lọ ni?"

"Ẹ má bínú, Bàbá. Bí mo bá rò bẹ́ẹ̀ nípa yín, n kò ní jókòó. Ibòmíràn ni mo máa gbà lọ."

Ó rò ó wò. Òótọ́ ni. Ó ní kó máa wí.

Ti owó iṣẹ́ kò gba àkókò, wọ́n fẹnu kò sí i kíá. Bridget wá ní, "Ohun tó kù ni pé ẹ kò ní fi kẹ̀kẹ́ sílẹ̀ láìsọ fún mi."

Babárìndé bú sẹ́rìn-ín. "Nọ́ọ̀sì, kò sẹ́ni tó ń kọ́ kẹ̀kẹ́ báyẹn. Bí mo bá sọ fún ọ pé mo ti fi í sílẹ̀, ẹ̀rù á bà ọ́, wàá sì ṣubú."

"Ṣé àwọn tí ẹ kò sọ fún kì í ṣubú ni?"

Ẹ̀rín náà kú lẹ́nu rẹ̀. Ó rántí akọ̀wé kóòtù.

Bridget ní, "Èmi náà ń di ènìyàn mú, Bàbá. Bí obìnrin bá ń rọbí, ọwọ́ mi ló máa ń dì mú. Bí mo bá fẹ́ lọ bu omi gbígbóná, mo máa ń sọ fún un pé, mò ń fi ọwọ́ rẹ sílẹ̀ o, mò ń bọ̀. Ẹ̀rù á bà á lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bí mo bá padà dé tí mo ní mo ti dì ọ́ mú, ó máa ń gbà mí gbọ́. Ìgbàgbọ́ yẹn ni mo fi ń gbẹ̀bí."

Babárìndé fi ọwọ́ kan gàárì kẹ̀kẹ́ tuntun náà. Ó ní òun gbà.

"Bó ṣe máa parí nìyí. Lọ́jọ́ tí mo bá gùn ún sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè Ọ̀kà dé ìsàlẹ̀, tí mo dá a dúró fúnra mi, láìsí ọwọ́ ẹnikẹ́ni lẹ́yìn, iṣẹ́ yín parí. N kò ní wá yọ yín lẹ́nu mọ́. Bí ẹ bá rí mi, ìkíni ni mo wá kí yín."

Parí. Ọ̀rọ̀ náà bọ́ sí Babárìndé létí bí ẹni pé èdè mìíràn ni. Láti Ọ̀wọ̀ títí dé abẹ́ àtíbàbà yìí, ẹnikẹ́ni kò tíì sọ fún un rí pé iṣẹ́ kan yóò parí.

"Ó ku tiyín," ni Bridget wí. "Kí ni ẹ fẹ́ kí n ṣe fún yín?"

Babárìndé tún gbé sípánà rẹ̀, ó ń yí i lọ́wọ́. A kò bi í rí, báwo ni yóò ṣe mọ èsì? Mọ́júbọ́lá tó ń ṣa ẹ̀wà lẹ́yìn àtíbàbà, tí gbogbo ọ̀rọ̀ náà ń wọ̀ létí bí ẹni mu omi tútù, kò lè mú un mọ́ra mọ́.

"Kí ẹ máa sọ ọ́ bó bá ti rẹ̀ yín!" ló ké láti ibẹ̀. "Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Bí ẹ bá sùn, bí ẹwìrì alágbẹ̀dẹ ni àyà yín ń ṣe, ẹ sì wà níbẹ̀ tí ẹ ń ní kò sí wàhálà."

"Ìwọ obìnrin yìí," ni Babárìndé wí.

"Ó dáa bẹ́ẹ̀, Màmá," ni Bridget wí. "Bí ẹ bá ti ní ó rẹ̀ yín, Bàbá, a ó dúró, ó di ọjọ́ mìíràn nìyẹn. Ẹ kò ní parọ́ fún mi nípa gàárì, ẹ kò sì ní parọ́ fún mi nípa ara yín."

Ó ní kí wọ́n tún un sọ, kí olúkúlùkù fi ẹnu ara rẹ̀ sọ tirẹ̀, kí Mọ́júbọ́lá sì ṣe ẹlẹ́rìí. Babárìndé tún tirẹ̀ sọ wéré. Lójú rẹ̀, ti gàárì ló le. Ti àárẹ̀, eré obìnrin ni.

Ti gàárì le lóòótọ́. Ìgbà àkọ́kọ́ tí Babárìndé sọ òótọ́ nídìí iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn, òótọ́ náà sì ń sọ Bridget mọ́lẹ̀ lójoojúmọ́. Á ké pé, "Mo fẹ́ fi sílẹ̀ o! Mo ti fi sílẹ̀!" Kẹ̀kẹ́ á yí gbiri bí ọ̀mùtí, á wọ igbó. Àwọn èrò á mì tìtì fún ẹ̀rín. Akọ̀wé kóòtù dúró lọ́jọ́ kan, ó ní, "Babárìndé, bí o ti ń dàgbà ni o ń gbàgbé iṣẹ́." Ká ní irọ́ ni, Bridget ì bá ti mọ ọ́n. Òótọ́ pẹ́ jù ú lọ, bó sì ti ń pẹ́ ni eré sísá ń gùn.

Lẹ́yìn ìrìn kọ̀ọ̀kan, Bridget á nu iyanrìn lára gáùn rẹ̀, á béèrè pé, "Ṣé ó rẹ̀ yín, Bàbá?"

"Rárá o! Ara mi le."

Á sì gbà á gbọ́. Ibẹ̀ ni ìyà náà wà. Bí kò bá sí àdéhùn, á wo ojú rẹ̀, á rí i pé ètè ọkùnrin yìí ti funfun. Ṣùgbọ́n Babárìndé ti ṣèlérí fún un, Bridget kò sì mọ̀ pé àwọn ènìyàn máa ń ṣèlérí ohun tí wọn kò lè mú ṣẹ. Á ní, "Ó dáa, ẹ jẹ́ ká tún lọ lẹ́ẹ̀kan sí i." Babárìndé á sì tún di gàárì mú.

Ó ń rẹ̀ ẹ́. Ká sọ ọ́ bó ṣe rí: ó ń rẹ̀ ẹ́ dé ibi tí oúnjẹ kò dùn lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Ó ń rẹ̀ ẹ́ láti jí. Nígbà mìíràn, bó bá jókòó ti tíúbù kan, á gbàgbé ohun tó fẹ́ fi ṣe. Lójoojúmọ́ ni Mọ́júbọ́lá ń bi í pé, "Ẹ ti sọ fún un?" Lójoojúmọ́ ni òun ń dáhùn pé, "Ọ̀la." Ó fẹ́ sọ ọ́. Á dé orí ahọ́n, á wá gbọ́ ohùn àgbẹ̀ Ùgbè yẹn, tó ti wà nínú ilẹ̀ tipẹ́: kí ló rẹ̀ ọ́?

Nígbà tó yá, Babárìndé ké pé òun ti fi sílẹ̀, kẹ̀kẹ́ kò sì yí. Bridget ń lọ. Ó ń lọ, ó mọ̀ pé kò sẹ́nì kankan lẹ́yìn, ó sì ń lọ títí tó fi yíjú padà fúnra rẹ̀. Kò ṣubú mọ́ láti ọjọ́ náà. Ó ku òkè.

Òjò ti ń ṣú nígbà tí wọ́n lọ sí Ọ̀kà. Òṣìṣẹ́ káńsù kan ti ránṣẹ́ pé òun ń bọ̀ wá wo bí Nọ́ọ̀sì ṣe ń gùn ún. Wọ́n gun òkè náà, Bridget ń ti kẹ̀kẹ́, Babárìndé ń tẹ̀ lé e. Àpáta wà lápá kan ọ̀nà, koríko gíga wà lápá kejì, ọ̀nà náà sì dagẹrẹ bí òrùlé. Bridget ní kó di òun mú ní ti àkọ́kọ́, kí òun mọ bí bíréèkì ṣe ń ṣe. Wọ́n sọ̀ kalẹ̀, ó dára. Wọ́n tún gòkè.

"Ṣé ó rẹ̀ yín, Bàbá?"

"Rárá."

Wọ́n tún sọ̀. Wọ́n tún gòkè. Ó tún bi í, ó tún ní rárá, ṣùgbọ́n rárá ti ẹ̀ẹ̀kejì yìí, orí ló fi mì í.

Bí wọ́n tún ti ń sọ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, kẹ̀kẹ́ yára ju ẹsẹ̀ Babárìndé lọ. Nǹkan kan di àyà rẹ̀ mú. Ìka rẹ̀ yọ̀ kúrò lára gàárì, kò mọ ìgbà tó yọ̀. Ó yẹ kó pariwo pé mo ti fi sílẹ̀ o. Ó la ẹnu. Kò sí èémí tí yóò fi sọ ọ́. Ọkùnrin tó ti fi ọwọ́ òfo pariwo mo dì í mú fún gbogbo ìlú, kò rí ohùn tí yóò fi sọ òótọ́ náà.

Bridget ń pè láti iwájú. "Bàbá, ṣé ẹ dì í mú? Bàbá?"

Kò gbọ́ nǹkan. Ó bojú wẹ̀yìn, ó sì wọ inú koríko lọ tòun ti kẹ̀kẹ́.

Nígbà tó jáde, orúnkún rẹ̀ bó, ojú rẹ̀ sì le. Ó ń bọ̀ lókè wá bí ẹni tó fẹ́ jà. "A jọ sọ ọ́, Bàbá! A jọ fẹnu wa sọ ọ́!" Ó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó rí i tó jókòó sílẹ̀ lójú ọ̀nà, ó fọwọ́ di àyà, àwọ̀ rẹ̀ ti dà bí eérú. Ìjà náà jáde lára rẹ̀. Ó kúnlẹ̀, ó di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú, ó fọwọ́ gbọ́ bí iṣan ibẹ̀ ṣe ń lù.

Nígbà tí èémí dé, Babárìndé ní, "N kò mọ̀ọ́mọ̀. Ọwọ́ mi ló já."

"N kò bá yín jà nítorí ọwọ́ mọ́," ni Bridget wí. "Èyí tó ti ń já tipẹ́ ni ẹ kò sọ fún mi. Láti ìgbà wo?"

Babárìndé wo àpáta, ó wo koríko tó wó. Ojú ń tì í gidigidi. Ó wá sọ ọ́, wúyẹ́wúyẹ́, bí ẹni tó ń jẹ́wọ́ olè.

"Ó rẹ̀ mí."

Kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Àgbẹ̀ Ùgbè kò jáde láti inú ilẹ̀. Ó tún un sọ. "Ó rẹ̀ mí, ọmọ mi. Ó ti rẹ̀ mí láti Ọ̀wọ̀." Omi sì bọ́ lójú rẹ̀, kò nù ún.

"Ẹ ṣeun," ni Bridget wí. "Tiyín parí lónìí."

"Kò tíì parí. Ẹni káńsù ń bọ̀. O kò tíì dé ìsàlẹ̀."

"Àárẹ̀ yín dá yín dúró. Kò tíì rẹ èmi." Ó mú un lọ sí ìdí àpáta, ó mú gèlè rẹ̀ fi tì í lẹ́yìn, ó ní, "Ẹ jókòó, Bàbá. Ẹ kàn máa wò mí."

Ó ti kẹ̀kẹ́ gòkè ní òun nìkan, ó ń tiro. Babárìndé wò ó títí tó fi dé òkè. Ẹsẹ̀ rẹ̀ fẹ́ dìde, ó ní kó jókòó. Bridget gun kẹ̀kẹ́, ó lu aago rẹ̀ kíríríń kí ìyá rẹ̀ lè gbọ́ ọ nínú ilé, ó sì sọ̀ kalẹ̀. Ó kọjá níwájú Babárìndé, ẹ̀rù wà lójú rẹ̀ kedere, ṣùgbọ́n kò bojú wẹ̀yìn, nítorí ó mọ ẹni tí kò sí níbẹ̀. Ó dé ìsàlẹ̀. Ó fa bíréèkì, ó fẹsẹ̀ kan ilẹ̀, ó dúró.

Nígbà tó padà wá, Babárìndé ní, "Ó parí nìyẹn."

"Ó parí. Ẹ ṣeun."

Lọ́rì tí yóò gbé Babárìndé padà sí Ìkàrẹ́ kò lè gun ibi tí wọ́n wà, ibi tó sì ti ń gbé èrò jìnnà díẹ̀ sí ìdí òkè. Bridget tẹ kẹ̀kẹ́ náà, ó ní kí Babárìndé gorí rẹ̀ jókòó. Babárìndé kọ̀. Àgbà tó ń kọ́ gbogbo Ìkàrẹ́ ní kẹ̀kẹ́, kí wọ́n wá máa tì í lórí kẹ̀kẹ́ obìnrin? Ṣùgbọ́n ó ti sọ ọ́ pé ó rẹ̀ òun, a kò lè gbé e mì mọ́. Ó gòkè. Bridget bọ́ sẹ́yìn rẹ̀, ó fi ọwọ́ kan di gàárì mú, ó sì ń tì í lọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

Babárìndé di ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mú bí ẹni tí kò gun kẹ̀kẹ́ rí láyé rẹ̀. Òjò ti bẹ̀rẹ̀ sí í kán. Kò bojú wẹ̀yìn.

"Nọ́ọ̀sì," ló pè, "má fi í sílẹ̀ láìsọ fún mi o."

"Mo dì í mú, Bàbá."

Ó gbà á gbọ́.